Eré onípele wo ni ó yẹ màmá tí ẹsẹ̀ wọn kán, tí wọn kò lè jáde nílé?

Ọmọ Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, mo kí yín o. Màmá mi ṣubú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìtòkú, eegun ojúgun wọn sì kán. Wọ́n ti fi POP dì í, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ó ti lé ní ọdún 40 tí wọ́n ti ń ta adìrẹ, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í jáde àfi ọjọ́ Ìsinmi. Ní báyìí, ojú kan ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń wo ògiri, tí wọ́n sì ń bi mí léèrè ẹni tó bá wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Èrò mi ni pé eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń tẹ̀ síwájú láti ọjọ́ kan sí èkejì, tí ènìyàn yóò máa fi ọkàn rò ó pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ju fíìmù kan ṣoṣo tí yóò parí láàárín wákàtí méjì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èyí tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò hàn wọ́n, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn náà ń sọ, wọ́n sì ti sùn lọ kí apá kìíní tó dé ìdajì. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ tó láti bá oníbàárà tó ti òkè òkun wá dúnàá-dúrà, àmọ́ kò tó èyí tí wọ́n lè fi tẹ̀lé eré. Ojú wọn kò sì gbé e mọ́ láti ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. A ní tẹlifíṣọ̀n kékeré, a ní dikódà, fóònù mi sì wà, ṣùgbọ́n iná àdúgbò wa kò ṣeé gbójú lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn báyìí rí, kí ó sọ fún mi ohun tí wọ́n wò, bí wọ́n ṣe rí i wò, àti èyí tí kò yẹ kí a fi han ẹni tí ara ń ro.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bàǹtokò

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ọlọ́run yóò bá wa fi ọwọ́ ìwòsàn kan ẹsẹ̀ náà.

Kí n tó dárúkọ eré kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2020. Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí ti Èkó àti Àbújá ti ṣáájú ní ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìpín kẹrin Money Heist, eré àwọn ará Sípéènì nípa àwọn adigunjalè tó há sínú báńkì, jáde lórí Netflix. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ìbejì mi sọ òru di ọ̀sán. Bí wọ́n bá fi òru wò ó, wọn a fi ọ̀sán sùn. Ọkọ mi ń gbọ́ ìròyìn nínú fóònù tirẹ̀, èmi náà sì wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú tèmi. Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ni kò ní ohunkóhun tí wọ́n ń wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ṣàkíyèsí pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí a bá gbé oúnjẹ wọlé tí wọ́n bá dúpẹ́. Títí di òní ni ó ń dùn mí pé a wà lábẹ́ òrùlé kan náà tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò ní pálọ̀, a gbé e sí iyàrá bàbá, a sì pinnu pé ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo wa ni yóò máa péjọ síbẹ̀ wo eré kan ṣoṣo, ní èdè tí bàbá gbọ́. Ìkànnì Africa Magic Yorùbá ni a sábà máa ń yí sí. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, àwọn ni wọ́n ń bi bàbá léèrè ìtumọ̀ òwe tí òṣèré kan pa. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí eré tó ń lókìkí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè màmá, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n, ì báà ṣe fún apá kan péré lóòjọ́.

Àgbà Olùkọ́, Ìbarà

Ọmọ mi, ẹ kú ìrójú. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì wí, n óò sì fi kún un.

Àwa tí a jẹ́ ẹgbẹ́ màmá yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ eré onípele. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí yóò sì fi di àwọn ọdún 1960, àwọn ènìyàn ti ń kóra jọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò kan ṣoṣo láti wo Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ní ọdún 1968 ni Village Headmaster bẹ̀rẹ̀, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru ní Rẹ́mọ, dá sílẹ̀, nípa ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Ọjà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ ìwà ilé wa ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí màmá rántí Kábíyèsí ìlú náà, èyí tí Déjúmọ̀ Lewis ṣe. Ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá rántí, ìtàn tí wọn yóò sọ fún yín ní alẹ́ ọjọ́ náà yóò dùn ju ohunkóhun tí ẹ lè rí lórí dikódà lọ.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi hàn wọ́n, iṣẹ́ Túndé Kèlání ni ọkàn mi fà sí. Fíìmù ni wọ́n, wọn kì í ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ lè gé wọn wẹ́wẹ́, kí ẹ máa wo ìṣẹ́jú 40 ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a dúró ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti ọdún 1993 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Apá mẹ́ta ni, Bàbá Wándé sì ni olórí òṣèré níbẹ̀: ìjòyè kan tó gbìmọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti ta ilẹ̀ àjogúnbá fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i, tí ikú sì ń mú àwọn tí wọ́n jọ tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gbé ní Abẹ́òkúta, tó ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ mẹ́bí rí, kò ní nílò ògbufọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wo Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999, kí ẹ tó wá wo Agogo Èèwọ̀ ti ọdún 2002, nítorí ìtàn ìlú Jógbo kan náà ni àwọn méjèèjì, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó sì kọ wọ́n. Bí màmá bá ń wo Agogo Èèwọ̀, kí wọ́n fi ojú sí ọba tuntun tí wọ́n fi jẹ: Déjúmọ̀ Lewis tó ti jẹ́ Kábíyèsí Ọjà ní ọjọ́ kìíní àná náà ni.

Èdè inú àwọn eré wọ̀nyí kò yára. Àwọn òṣèré ń parí gbólóhùn wọn, wọ́n ń fún etí àgbà ní àyè láti gbọ́ òwe kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ eré òde òní ti pàdánù èyí, tí gbogbo wọn ń pariwo mọ́ra wọn, tí orin abẹ́lẹ̀ sì ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀. Fún ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ariwo jẹ́ ìnira mìíràn lórí ìrora.

Akẹ́kọ̀ọ́, Òjeèrè

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí ẹ fi Jenifa's Diary hàn wọ́n, torí náà mo fẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi nípa rẹ̀. Mo fẹ́ràn eré náà gidigidi, ó sì tún jẹ́ ìwúrí fún àwa tí a wà ní Moshood Abiola Polytechnic pé ibí ni Fúnkẹ́ Akíndélé ti kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn. Ọdún 2015 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde, apá kọ̀ọ̀kan kò sì gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi han ìyá mi àgbà, ẹ̀rín kò pa wọ́n ní ibi tí ó pa wá. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi: Gẹ̀ẹ́sì tí Jénífà ń ṣì sọ ni ẹ̀rín náà, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tó tọ̀nà kò lè mọ̀ pé ó ti ṣìnà. Ìrìn rẹ̀ àti ìmúra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Fún màmá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà, ìdajì adùn rẹ̀ ni wọn yóò rí.

Aníkúlápó ni mo rò pé ó bá màmá mu jù, nítorí iṣẹ́ wọn. Kúnlé Afọláyan ni ó ṣe é, Yorùbá sì ni èdè rẹ̀. Sàró, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, jẹ́ ahunṣọ-òkè tó wá wá oríire ní Ọ̀yọ́, tó sì kó sínú wàhálà pẹ̀lú Àróládé olorì ọba, tí ẹyẹ àkàlà sì jí i dìde lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Fíìmù náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Eré onípele tó tẹ̀lé e jáde ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2024, apá 6 ni. Ẹ gbọ́dọ̀ wo fíìmù yẹn ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá kìíní kò ní yé wọn.

King of Boys náà ní apá 7, ti ọdún 2021, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sì ṣe bẹbẹ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹniọlá Sàlámì. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pìjín ni wọ́n pò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. N kò ní fi han ẹni tó wà nínú ìrora.

Akẹ́kọ̀ọ́, Òjeèrè

Ẹ jọ̀wọ́, mo ṣe àṣìṣe kan lókè. Àrólákẹ́ ni orúkọ olorì náà, Bímbọ́ Adémóyè ni ó ṣe é.

Àgbà Olùkọ́, Ìbarà

Mo ti wo Aníkúlápó, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni. Aṣọ, ilé, àti oríkì inú rẹ̀ wú mi lórí. Síbẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé ìran ìbálòpọ̀ àti ìhòòhò wà nínú rẹ̀, tí yóò mú kí ọmọ máa wá ohun tí yóò lọ gbé ní ilé ìdáná. Kí ẹ kọ́kọ́ dá wò ó, kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti fò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn ilé, apá méjì ni Lísàbí, ọ̀kan jáde ní ọdún 2024, èkejì ní 2025. Lísàbí Àgbòǹgbò-Àkàlà tó lo ẹgbẹ́ àáró láti kó Ẹ̀gbá jọ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ogun àti ìyà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹ wò ó ní ọ̀sán.

Atún-fóònù-ṣe, Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọn yóò wò, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí dátà àti iná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá sí ọ̀dọ̀ mi ti ń pàdánù owó.

Lórí Netflix, ìwọ̀n àwòrán tó kéré jù kì í jẹ ju 0.3 GB lọ láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3 GB. Ẹ fi Aníkúlápó ṣe àpẹẹrẹ: bí a bá ka apá kọ̀ọ̀kan sí wákàtí kan, gbogbo apá 6 yóò jẹ bíi 1.8 GB ní ìwọ̀n kékeré, tàbí bíi 18 GB ní ìwọ̀n ńlá. Lójú fóònù, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, fóònù yóò yan fún ara rẹ̀, àyànfẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti àpò yín. Lórí YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ eré Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ àmì Settings tó dà bí àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín, kí ẹ yan 360p. Àwòrán náà ṣeé wò dáadáa.

Ẹ má ṣe máa wò ó tààrà lórí afẹ́fẹ́ bí ìkànnì bá ń já. Ẹ gbà á sórí fóònù ní òru, nígbà tí àwọn ènìyàn ti sùn tí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń yára, kí ẹ wá wò ó ní ọ̀sán láìlo dátà rárá. Ẹ rántí pé ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ lórí Netflix ní ọjọ́ tí yóò parí. Àwọn mìíràn kì í ju wákàtí 48 lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ láti wò. Ètò ìsanwó Netflix tó kéré jù jẹ́ ti fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì nìkan, kò sì ní gbà yín láyè láti gbé àwòrán náà sórí tẹlifíṣọ̀n. Oníbàárà mi kan ra okùn àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ kí ó tó mọ èyí, ó sì dùn mí fún un.

Ní ti iná, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kékeré sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, dikódà lè jẹ 15. Bátìrì 12 fóltì tó jẹ́ 100 Ah ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má ṣe lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má bàa tètè kú. Bí a bá yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, yóò gbé tẹlifíṣọ̀n àti dikódà fún nǹkan bíi wákàtí 7. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ní, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé iyàrá màmá, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tó bá ti sùn, àgàgà ẹni tí kò lè dìde sáré.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìdí-Àbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Mo ti rí ohun tí ó ń fà.

Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí ìjókòó fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi POP dì lẹ́sẹ̀, tó wá rí eré tó dùn wò, lè wà lójú kan fún wákàtí mẹ́rin láìmira. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ kí ó bọ̀ dáadáa nínú ẹsẹ̀ lè dì, ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì lè ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń wọ́pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Nítorí náà, ẹ fi òpin apá kọ̀ọ̀kan ṣe aago: bí apá kan bá ti parí, kí màmá máa ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó wà nínú POP síwá sẹ́yìn, kí wọ́n máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ kejì sókè sódò nígbà 20, kí wọ́n mu omi, kí ẹ sì bá wọn yí ìjókòó padà. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà sókè nígbà tí wọ́n bá ń wò ó. Atún-fóònù-ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn pa ohun tó ń mú kí apá tó kàn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ènìyàn dìde.

Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn bá tutù, tó bá ń dúdú tàbí tó kú tipiri, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, bí ẹran ojúgun tàbí itan èyíkéyìí bá wú, tàbí bí èémí bá ṣàdédé di ìṣòro, ẹ má ṣe dúró parí eré. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ì báà ṣe òru.

Ní ti ẹ̀rù, òótọ́ ni Àgbà Olùkọ́ sọ. Alẹ́ ni ìrora eegun máa ń dà bíi pé ó pọ̀ jù, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ọkàn ń rò. Bí a bá tún fi ìran ìpànìyàn kún un kí wọ́n tó sùn, oorun yóò jìnnà. Ohun tó bá ń pani lẹ́rìn-ín ni kí ẹ fi parí ọjọ́.

Aláṣọ, Kútọ̀

Èmi ní ohun kan láti fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lòdì díẹ̀ sí ohun tí ẹ̀yin àgbà ti sọ nípa èdè. Nígbà tí ìyá mi wà nílé fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, eré àwọn ará Kòríà kan ni a wò, Jewel in the Palace. Ọdún 2003 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn, apá 54 ni. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń ṣe alásè ní ààfin, tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́, tó sì padà wá di oníṣègùn ọba. Màmá mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Èmi ni mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, tí mo sì ń sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, tí mo ń dá a dúró bí wọ́n bá ní ìbéèrè. Iṣẹ́ ni o. Apá kan lè gba wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n màmá mi jẹ́ alásè ayẹyẹ, wọ́n a sì máa bá àwọn alásè ààfin náà jiyàn pé omi ọbẹ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọ́n a ní ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò báyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí iṣẹ́ ọwọ́ inú eré bá jọ iṣẹ́ ọwọ́ aláìsàn, tí ẹnì kan bá sì wà tó ní sùúrù láti túmọ̀ rẹ̀, èdè kò lè dènà. Bí sùúrù náà kò bá sí, ẹ má dán an wò.

Ọmọ Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀, ó ti pé ọjọ́ 12 tí mo béèrè.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ bí Àgbà Olùkọ́ ṣe wí, ìṣẹ́jú 40 ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ kejì, màmá ní kí n dá a dúró, wọ́n sì sọ ìtàn ilẹ̀ kan ní Ìjẹ̀mọ̀ fún mi, èyí tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó sì kan bàbá mi tó ti di olóògbé. Aago mọ́kànlá lu kí a tó rántí pé eré ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo béèrè nípa Village Headmaster náà. Wọ́n rántí Kábíyèsí, wọ́n sì rántí ilé ẹni tí wọ́n ti ń wò ó ní Sápọ̀n, àti pé ẹni tí kò bá bá wọn pọnmi sí ilé náà kò ní rí àyè jókòó sí.

Mo kọ́kọ́ dá wo fíìmù Aníkúlápó, mo sì sàmì sí ibi tí mo fò. Màmá mọ̀ pé mo fo nǹkan, wọn kò bi mí léèrè. Ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ni òfì Sàró. Wọ́n ní kí n padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè rí bí ó ṣe na òwú. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ eré onípele náà, ọ̀rẹ́ wọn kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ti màmá ní ọjà bẹ̀ wá wò, ó sì bá wa jókòó. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ọjà dé, ilé wa ni ó ń yà sí. Òun ni ó ń jábọ̀ ọjà fún màmá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọn kò bi mí léèrè mọ́ nípa ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo apá tó kàn bí ọ̀rẹ́ wọn kò bá tíì dé.

A ti pa ohun tó ń mú kí eré bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní òpin apá kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì jọ ń ju ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ màmá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wíwú rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi Atún-fóònù-ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní kí a padà wá yàwòrán ẹsẹ̀ náà, a sì mọ bí ìdúró níbẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. Màmá ní kí n gba apá 4 àti apá 5 sórí fóònù, ọ̀rẹ́ wọn yóò sì bá wa lọ. Bí mo bá gbà á ní òru Ọjọ́rú, tí n kò sì tẹ̀ ẹ́ rárá títí a ó fi dé ibẹ̀, ṣé yóò ṣì wà?

Atún-fóònù-ṣe, Pánṣẹ́kẹ́

Yóò wà. Ẹ má ṣáà tẹ̀ ẹ́ ṣáájú, kí ẹ sì rí i pé bátìrì fóònù kún. Ẹ gbé ohun ìgbọ́hùn olókùn méjì dání pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ó máa ń pín ihò fóònù sí méjì, kí màmá àti ọ̀rẹ́ wọn lè jọ gbọ́ ọ láìdí àwọn aláìsàn tó kù lọ́wọ́. Mo ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá mú un kí ọjọ́ náà tó pé. N kò ní gba owó.